Okùn Tí Yóò Gbé Bàbá Àgbà Sọ̀kalẹ̀

Ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀, ní ọdún kejì tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀-ajé SAP lé wa lórí, okùn kan já ní itẹ́ òkú ìjọ wa ní Agége, pósí Bàbá Ṣẹ́gun sì forí sọlẹ̀ sínú sàréè. Aago náà dá mi lójú. Sátidé ìmọ́tótó ni, a kò lè kúrò nílé kí aago mẹ́wàá tó lù, àlùfáà sì ní òkú mìíràn láti sin ní Onígbòǹgbò, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà náà. Ọwọ́ Màmá Àgbà ni mo dì mú, kò sì sẹ́ni tó dí mi lójú.

Ohun tí mo rí ni pé pósí náà dúró lórí orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù nísàlẹ̀.  Nígbà tó yá, Ìyá Ṣẹ́gun, opó, yíjú sí Bàbá Àgbà, bàbá ìyá mi, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùfáà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ìyá náà ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ ju ọkọ mi sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Bàbá Àgbà ni wọ́n mú okùn yẹn wá. Àwọn àti Bàbá Ṣẹ́gun ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe okùn ike ní Ìkẹjà, Bàbá Ṣẹ́gun nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ́ okùn, Bàbá Àgbà nídìí ẹ̀rọ tó ń fà á já. Wọn á gé ìwọ̀n apá kan lára ìdì okùn kọ̀ọ̀kan, wọn á gbé e kọ́ ẹ̀rọ, wọn á fà á títí yóò fi já, wọn á wo ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ dúró sí. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fọwọ́ sí páálí pélébé kan, wọn á so ó mọ́ ìdì náà. Nígbà tí Bàbá Ṣẹ́gun kú, ilé-iṣẹ́ fi ìdì okùn tuntun kan ta ìdílé náà lọ́rẹ. Páálí yẹn ṣì wà lára okùn nígbà tó já. Orúkọ Bàbá Àgbà wà lórí rẹ̀, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni àwọn kan ní Agége kò gbàgbé. Àwọn ọkùnrin yòókù ń sáré wá àkàbà. Bàbá Àgbà lóṣòó létí sàréè, wọ́n mú ẹnu okùn tó já, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Náírà ti wálẹ̀ nígbà náà, hóró ike tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kò ṣeé rà mọ́, ilé-iṣẹ́ sì ti ń yọ́ ike àlòkù mọ́ ọn: abọ́ tó fọ́, garawa tó ya, bàtà tó gé. Níbi tí okùn búlúù náà ti já, àmì pupa tíntín kan wà. Bàbá Àgbà gbójú sókè wo opó náà, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ìròyìn ayọ̀: "Sálúbàtà ni."

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Àgbà. Ìwé ètò ìsìnkú wọn ti ṣe ìyẹn, àṣìṣe méjì sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo lè kọ ni ohun tí mo rí, tàbí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹni méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀, fún àpẹẹrẹ, pé láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti kórìíra ohun gígùn. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n dán wò, odindi ìdì ni wọ́n fọwọ́ sí. Kò sí sálúbàtà nínú apá kan yẹn. "Bí okùn bá ṣe gùn tó," ni wọ́n máa ń wí, "ni ibi tí àbùkù lè sá pamọ́ sí ṣe pọ̀ tó." Mo ti yẹ gbólóhùn yìí wò láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi í ṣe ni mo ní ọ̀rọ̀ sí.

Wọ́n gé okùn tí a ń sá aṣọ sí ní àgbàlá wa sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé ìró kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè gba aṣọ ibùsùn. Wọ́n gé bẹ́líìtì wọn débi pé kò kan ara rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ṣòkòtò mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n láti gbàdúrà níbẹ̀, wọn á sọ gbólóhùn kan, wọn á ṣe àmín, wọn á jókòó, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń di ojú. Àlùfáà bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Àdúrà gígùn, ibì kan ni yóò ti já."

Kànga ló kọ́kọ́ bá wọn jà. Wọ́n gé okùn fàmífàmí wa kúrú ní ìgbà òjò, nígbà tí omi wà nítòsí, inú gbogbo ilé sì dùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi sọ̀kalẹ̀, fàmífàmí ń fì lókè bí agogo. Màmá Àgbà dúró létí kànga pẹ̀lú garawa òfìfo.

"Bàbá Rẹ̀mí, omi ò mọ̀ pé ẹ ti gé okùn."

"Ẹ fún mi ní àyè."

"Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ lọ́la. Ẹ fi ìmọ̀ wẹ̀."

Wọ́n wá kó àwọn okùn kéékèèké jọ, wọ́n so wọ́n pọ̀, ọ̀kan mọ́ èkejì. Okùn náà já ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ibi kókó, fàmífàmí sì lọ sísàlẹ̀.  Màmá Àgbà jókòó lórí garawa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi kan ṣoṣo tí a rí nílé lọ́jọ́ náà. Èmi gbà pé Màmá jàre. Síbẹ̀, ohun tí Bàbá Àgbà sọ bí wọ́n ti ń wo inú kànga kò kúrò lọ́kàn mi: "Kókó ni àbùkù tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta."

Bí wọ́n ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu fóómánù wọn àtijọ́. Ìtàn méjèèjì kò bára mu lórí ẹni tó kọ́kọ́ pariwo. Ibi tí wọ́n ti bára mu nìyí. Bàbá Àgbà lọ bá máníjà, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe gé apá kan mọ́, odindi ìdì ni kí wọ́n máa gbé kọ́ ẹ̀rọ.

Máníjà ní, "Alàgbà, tí ẹ bá fa gbogbo okùn títí tó fi já, kí la máa tà?"

Wọ́n dáhùn pé, "Èyí tí kò já."

Ilé-iṣẹ́ fún wọn ní ìwé ìfẹ̀yìntì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ní báyìí mo lè sọ̀rọ̀ ohun tí gbogbo Agége fi mọ̀ wọ́n. Ìyá Ṣẹ́gun kò bá wọn jà, kò sì bú wọn. Ìyá náà kàn ń sọ gbólóhùn kan náà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pàdé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí aláta, lójú irin rélùwéè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí èèyàn: "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ju ọkọ mi sílẹ̀." Bàbá Àgbà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ṣẹ́gun." Ohun tí wọ́n ń fẹ́ láyé kù sí ẹyọ kan: kí wọ́n sin àwọn náà, kí okùn má já, kí Ìyá Ṣẹ́gun sì wà níbẹ̀ kó rí i.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sin ara wọn.

Lójú wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀ bóyá okùn kan yóò gbé ẹrù kan: kí okùn náà gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ti gbé èyí tó wúwo jù ú lọ rí. Wọ́n ra okùn mẹ́rin, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní gígùn, kò sí àmì pupa kankan. Kòtò ṣalángá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí lánlọ́ọ̀dù gbẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí sìmẹ́ǹtì parí. Fírísà kan sì wà, tí Màmá Àgbà ń fi ta yìnyín kí iná NEPA tó sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù. Ní gbogbo Mọ́ńdè Àjíǹde, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá Àgbà á kó aṣọ Màmá jáde nínú fírísà, wọn á kó iyanrìn tútù sí i, wọn á pe àwọn ayálégbé, wọn á sì sọ fírísà kalẹ̀ sínú kòtò.

Wọ́n ti gun orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n mọ bí àwọn ṣe wúwo tó. Iyanrìn tí wọ́n ń kó sí i ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọdún àkọ́kọ́, Màmá Àgbà dúró wò wọ́n.

"Ta ni gbogbo èyí? Ẹ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀."

"SAP lè parí," ni Bàbá Àgbà wí. "Mo lè sanra."

Múfú, ẹni tó ń lẹ táyà, tó ń gbé iyàrá iwájú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló máa ń di ọ̀kan nínú okùn mú. Ó ní, "Bàbá, tiwa rọrùn o. Aṣọ funfun, ó parí, kò sí pósí, kò sí okùn. Ẹ kúkú wá máa bá wa kírun."

"Àwọn tó ń gbé yín wọlẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dán ọwọ́ tiwọn wò?"

Múfú wo ọwọ́ ara rẹ̀. 

Ọdọọdún ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí Ìyá Ṣẹ́gun pé kó wá wò ó. Èmi ni wọ́n ń rán. Ọdọọdún ni ìyá náà ń fún mi ní bisikíìtì, tí wọ́n ń sọ pé, "Dúpẹ́, sọ fún bàbá ẹ pé èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mo máa wá wò."

Ọdún kan tí sójà pọ̀ nígboro, àwọn méjì ń gba ojú irin kọjá, wọ́n rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ń rọra gbé fírísà sínú ilẹ̀, arúgbó kan dúró tì wọ́n pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Wọ́n fo ògiri wọlé. Àwọn ayálégbé di òkúta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ jọ̀wọ́ okùn.

"Wetin dey inside?" ni sójà tó ga béèrè.

"Èmi ni," Bàbá Àgbà dáhùn.

Sójà náà wo fírísà, ó wo Bàbá Àgbà. "Who die?"

"Kò tíì kú," ni Múfú sọ, ìbọn ń wo òun náà. "Bàbá ń dán an wò ni."

Wọ́n ní kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n ṣí i. Iyanrìn ni. Sójà kejì, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bi Bàbá Àgbà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí sálúbàtà dé orí SAP. Mo ti ń retí pé àwọn sójà yóò lu Bàbá Àgbà. Dípò bẹ́ẹ̀, sójà náà gbé ìbọn rẹ̀ fún ẹnìkejì, ó gba okùn lọ́wọ́ Múfú, ó bá wọn sọ fírísà kalẹ̀ títí ó fi gúnlẹ̀. Ó gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́. "Àwọn tí a sin ní Làìbéríà," ó ní, "a ò lo okùn fún wọn."

Ìjà kan ṣoṣo tí èmi àti Bàbá Àgbà jà, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ọdún mẹ́rin ló yẹ kó gbà, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sọ ọ́ di mẹ́fà. Olùkọ́ kan kọ́ wa bí nǹkan ṣe ń fọ́ àti bó ṣe ń já: pé okùn kì í já nítorí bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí, ibi tó burú jù lára rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún un, pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tí okùn kan yóò já, ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ, nínú ọ̀pọ̀ okùn, mélòó ni yóò já. Mo gbé èyí wálé fún Bàbá Àgbà bí ẹ̀bùn. Inú wọn dùn, wọ́n sì ní kí n tún un sọ fún Màmá.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí a bá fi ẹrù tó wúwo dán okùn wò tí kò já, kò túmọ̀ sí pé okùn náà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbùkù tó kéré lè ti tóbi sí i. Mo ro ó fún ọjọ́ díẹ̀ bóyá kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní Mọ́ńdè Àjíǹde, bí wọ́n ti ń kó aṣọ jáde nínú fírísà.

"Bàbá, ìdánwò yìí ń jẹ okùn yẹn."

Wọ́n dúró. "Kí lo wí?"

"Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ ń bù nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti lò ó tán."

Wọ́n kó aṣọ Màmá padà sínú fírísà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ká a dáadáa. Àwọn ayálégbé padà sí iyàrá wọn. Bàbá Àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyàfi kí n bá wọn gbé rédíò. Màmá Àgbà ní, "O rí i, ìwọ náà ti gé okùn." N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Ohun tí mo sọ tọ̀nà. Bóyá ó wúlò ni mi ò lè fọwọ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan wọ́n pè mí síta. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí itan wọn.

"Okùn tí a kò dán wò, a kò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Okùn tí a dán wò, a ti lò ó. Ṣé ohun tó ò ń sọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé àwọn yìí máa já?"

"Tí mo bá ní irú wọn púpọ̀, tí mo sì fa díẹ̀ já nínú wọn, mo lè sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó."

"Mi ò bi ẹ́ bó ṣe ṣeé ṣe tó. Òkú mélòó lo fẹ́ fi mí ṣe? Mo ní ṣé ó máa já?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n mi orí, bí ẹni pé ìdáhùn tí wọ́n ń wá nìyẹn. Wọ́n mú ọ̀kan nínú okùn náà, wọ́n so òwú funfun mọ́ ìdí rẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. "Ẹni tó bá rò pé ó lè já," wọ́n ní, "ni kó dì í mú."

Wọn kò dán an wò mọ́. Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn, ní àkókò tí petiróòlù wọ́n, wọ́n sùn lórí àga ní ọ̀sán kan, wọn kò jí. Màmá Àgbà ló sọ fún mi pé àga náà kò dún.

Ní itẹ́ òkú, agbẹ́lẹ̀ tó gbẹ́ sàréè mú okùn tirẹ̀ dání. Ìyá mi sọ fún un pé a ní tiwa. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní, "Obìnrin kì í dì í mú o." Kí ìyá mi tó dáhùn, Ìyá Ṣẹ́gun sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìyá náà ti wá, bí wọ́n ti ṣèlérí, ọmọ wọn dì wọ́n lápá, nítorí pé ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n ní, "Àwọn ọkùnrin ló dì í mú nígbà ti ọkọ mi."

Agbẹ́lẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

A so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọwọ́ pósí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Múfú wà ní òdìkejì mi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi méjì wà lápá ẹsẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé okùn náà kúrú. Ìwọ̀n kòtò ṣalángá ni Bàbá Àgbà fi gé e, kí àbùkù má bàa rí àyè, sàréè sì jìn ju kòtò lọ. Okùn tán lọ́wọ́ wa, pósí ṣì wà lófuurufú. Kò sẹ́ni tó lè jọ̀wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fà á sókè. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tó. A kúnlẹ̀. Kò tó. Níkẹyìn àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja yí sàréè ká, nínú agbádá wọn, Múfú pẹ̀lú, èmi sì fi ikùn sùn sí ilẹ̀ pẹ̀lú wọn, apá wa sì wọnú ilẹ̀ títí dé èjìká. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo rò pé Màmá Àgbà ni. N kò lè sọ bóyá Bàbá Àgbà gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìṣirò lásán ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí yẹ̀pẹ̀. Okùn mi nìkan ni mo lè rí. Ó le gbagidi, ó ń gbọ̀n díẹ̀, òwú funfun náà sì ń fì. Mo gbọ́ ìró pósí bó ti gúnlẹ̀ nísàlẹ̀, kò pariwo. Ìwúwo náà kúrò lọ́wọ́ mi, a sì jẹ́ kí okùn náà bá wọn lọ.

Ìyá Ṣẹ́gun ti sún mọ́ etí sàréè. Mo rí ẹsẹ̀ wọn kí n tó rí ojú wọn.

"Dúpẹ́," wọ́n ní, "mi ò rí i. Ṣé ó já?"

Mo dìde jókòó. Mo wo ọwọ́ mi.

"Èyí tí mo dì mú ò já, Màmá."